Òrùka Pupa Tí Judith Gbàgbé

Owú ni. Ẹ má jẹ́ kí n máa pe nǹkan mìíràn mọ́ ọn lórí. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Ṣùkúrátù, ọmọ onílẹ̀ ní Ìkòsí, ti ń fi báírò pupa sàmì sí àwòrán irin ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Olújìmí ní Owódé Onírin. Bí oníbàárà bá gbé àwòrán irin tó fẹ́ kí wọ́n rọ wá, Ṣùkúrátù ni yóò fi pupa yí gbogbo ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò po kí irin náà tó jáde. Òrùka ni wọ́n ń pè é. Ìwọ̀n tí kò bá ti ní òrùka, kò sẹ́ni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Àfi ìgbà tí Judith dé láti poli, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Níbi tí Ṣùkúrátù bá ti fi òrùka ogójì sí, Judith á fi mẹ́fà, á sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ wá ń yá. Ọ̀gá gbé àwòrán rẹ̀ sókè lójú gbogbo ayé, ó ní bó ṣe yẹ kí àwòrán mọ́ nìyẹn. Ṣùkúrátù bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ àná lásán-làsàn, tí kò mọ ibi tí wọ́n ń kó báírò sí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn! Tọ́dún bá sì parí, ẹnì kan ṣoṣo ni Ọ̀gá máa fi ṣe olórí àyẹ̀wò.

Èyí tó tún wá dùn ún jù ni pé ọmọ náà kì í rí i fín. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí i. Ká ní aláfojúdi ni, kíkórìíra rẹ̀ ì bá rọrùn.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, Judith gbé àwòrán púlè wá, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ máa ń yí, ogójì púlè fún àwọn kan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Ifákọ̀. Ó ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú kàn án." Kò pẹ́ tí ojú Ṣùkúrátù fi dúró sí ihò àárín, ibi tí ọ̀pá ẹ̀rọ máa gbà wọlé. Kò sí òrùka níbẹ̀. Bí ihò yẹn bá fẹ̀ jù, púlè á máa mì, ó sì lè já lu èèyàn. Ó mọ̀ dáadáa. Ọkàn rẹ̀ ní kó sọ ọ́, owú ní kó jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ poli wọn.

"Ó dáa," ló sọ.

 Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó pinnu pé òun á sọ ọ́ tílẹ̀ bá mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó bá Ọ̀gá àti Judith tí wọ́n jọ ń ṣàwàdà lẹ́nu ọ̀nà, ló bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀ láì sọ ọ́.

Ìgbà tó ṣe díẹ̀, Reuben tó ń yí irin lórí ẹ̀rọ gbé púlè àkọ́kọ́ wá, tòun ti àwòrán. Ó ní ihò rẹ̀ ti fẹ̀ jù, pé òun ti dá iṣẹ́ yòókù dúró. Ọ̀gá bi í pé ta ló ní kó wọn ihò nígbà tí kò sí òrùka níbẹ̀.

Reuben ní, "Aunty Ṣùkúrátù ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pariwo sí mi létí: òrùka wà o, òrùka ò sí o, ihò ni kí n kọ́kọ́ wọ̀n."

Judith mí kanlẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Aunty rẹ̀. Ọ̀gá ní irú ojú bẹ́ẹ̀ gan-an lòun ń wá fún olórí àyẹ̀wò. Ohun tí Ṣùkúrátù ti ń retí látọjọ́ yìí nìyẹn, àmọ́ iyì tí kò tọ́ sí i ni. Ó fẹ́ jẹ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, mo ti rí i láti àná."

Ọ̀gá rò pé àwàdà ló ń ṣe, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ gbọ́? Láti àná!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá a rẹ́rìn-ín.

Judith, tí wọ́n sọ fún lánàá pé ó dáa, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn eruku irin kúrò ní orúnkún, ó gba àwòrán lọ́wọ́ Reuben. Ó yọ báírò pupa lápò, ó fi òrùka yí ihò náà po, kò sì wojú Aunty rẹ̀.