Apó Ọfà fún Ọlọ́wọ́ Òsì

Ìṣó mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa ní Sùúrùlérè. Agboòrùn wà lára ọ̀kan, fìlà mi wà lára èkejì, apó ọfà ìyàwó mi sì wà lára ẹ̀kẹta. Nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin wá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, wọ́n kó aṣọ, wọ́n kó bàtà, wọ́n kó àwọn ìkòkò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń fi apó náà ṣe. Ọ̀kan nínú wọn rò pé ibi tí mo ń ki agboòrùn sí ni. Mi ò ṣàlàyé. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi.

Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn, tí mo ń pa á dé, láìfọwọ́ kan apó náà. Lẹ́yìn náà ni ọmọ wa obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n padà sí pápá tí a ti ń ta ọfà. Ó ní mo ti ń rìn bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n apó tèmi, tí mo máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, kò ṣeé lò fún mi mọ́. Èjìká ọ̀tún mi ti gan, mi ò lè na ọwọ́ sẹ́yìn kí n fi mú ọfà.

"Ẹ lo ti Mọ́mì," ni ọmọ mi wí, bí ẹni pé kò sóhun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ti Mọ́mì, ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n rán an fún. Èmi, ọ̀tún ni mò ń lò. Bí mo bá fẹ́ lò ó, wọ́n ní láti tú u kí wọ́n sì yí i sí ọ̀tún. Mo mọ̀ pé mo lè ní kí wọ́n ṣe tuntun fún mi. Mi ò fẹ́ tuntun. Èyí tí mi ò sì mọ̀ ni bóyá mo lè jókòó kí n máa wo ẹni tó ń tú èyí tó wà ńlẹ̀, torí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rán an, mo sì mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn tí àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì ni a bẹ̀rẹ̀ ọfà títa. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni ìyàwó mi fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Èmi, iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni mo fi jẹun. Ẹnì kan tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí ló pè wá sí pápá kan ní Yábàá, níbi tí àwọn èèyàn díẹ̀ ti ń péjọ ní àárọ̀ Sátidé láti ta ọfà bí wọ́n ṣe ń ta á láyé àtijọ́. Ọrun onígi, ọfà ọparun, ìyẹ́ tòlótòló. Fóòmù àlòkù ni wọ́n dì pọ̀ mọ́ ara ògiri, òun là ń ta á sí. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀yìngbò, gbogbo wa á dẹ ọrun sílẹ̀ títí yóò fi kọjá, nítorí pé ìró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọwọ́ dúró.

Mo máa ń fojú wọn ibi tí fóòmù wà, màá sọ bó ṣe jìnnà sí wa, màá wá ta á, ọfà á sì bọ́ sínú koríko. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ máa wọ̀n ọ́n, èmi á máa ta á." Gbogbo pápá ló gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ mi lára.

Bẹ́ẹ̀ òun náà kò tètè mọ̀ ọ́n ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń fa okùn ọrun bíi ti gbogbo wa, ọfà rẹ̀ a sì máa lọ bá ògiri. Mo mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ó bá fi òsì bu òkèlè, ìyá àgbà á di ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́yìn títí oúnjẹ á fi tán. Ó kọ́ ọ̀tún dáadáa. Ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé sí pátákó, ọ̀tún ló fi ń gba nǹkan, òun náà ló fi ń na nǹkan síni. Àmọ́ bí ó bá dá wà ní kíṣíìnì tí mo sì yọjú lójijì, òsì ni màá bá lára ọmọrogùn. Yóò yára pààrọ̀ ọwọ́. Màá béèrè bóyá iná ti dé. Báyìí la ṣe gbé e fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sọ fún mi, èmi náà kò bi í.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní pápá, nígbà tí àwọn tó kù lọ mu omi lábẹ́ igi, mo rí i tó gbé ọrun sí ọwọ́ ọ̀tún tó sì fi òsì fa okùn. Ọfà náà wọ inú fóòmù, gbì. Ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó yọ ẹran jẹ nínú ìkòkò. Mo yára wo ibòmíràn. Láti ọjọ́ náà, òsì ló fi ń ta á, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní pápá tó bi í ní nǹkan kan.

Nígbà yẹn, kò tíì ní apó. Ilẹ̀ ló máa ń gún ọfà rẹ̀ mọ́, ní iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọfà, ló bá ní àfi kí òun ní apó. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ṣe irú tèmi, tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ó rán mi létí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn lọ sí pápá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣa ọfà kan nínú koríko, gbogbo ọfà tó kù nínú apó gba orí mi dà sílẹ̀.

"Ẹ̀yìn, ti fíìmù nìyẹn," ló wí. Ó wá gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ mi, ó fi àwòrán àwọn tafàtafà Òyìnbó ayé àtijọ́ hàn mí, ti ìgbà tí wọ́n ṣì ń mọ odi yí ìlú ká. Ìbàdí ni wọ́n so ọfà tiwọn mọ́. Irú ìyẹn lòun fẹ́. Kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, kí ó fẹ̀ lẹ́nu. Kí ó jìn tó pé ìyẹ́ nìkan ni yóò yọ síta. Kí awọ pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n lu ihò sí, kí ọfà kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀, kí ìyẹ́ wọn má baà máa ha ara wọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnu apó náà dà sí iwájú díẹ̀, kí ọwọ́ lè bá ọfà láìjẹ́ pé ojú kúrò lára ibi tí à ń wò. Ìdí nìyẹn tí apó ìbàdí ọ̀tún kò fi ṣeé kàn gbé sí òsì. Bí o bá gbé e síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ á dà sẹ́yìn.

Ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan wà ní Múṣín, tó ń fi awọ ṣe báàgì àti sálúbàtà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la lọ. Ìyàwó mi na ọfà kan sí i kí ó fi mọ bí apó náà yóò ṣe gùn tó. Ó wọn ìbàdí rẹ̀, ó béèrè irú àwọ̀ tó fẹ́, ó béèrè irú òwú. Nígbà tí a padà lọ gbà á, iṣẹ́ náà wù wá. Àléébù kan péré ni ìyàwó mi rí sí i: irin bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ ni ọkùnrin náà rà ní ọjà Ládìpọ̀ tó fi ṣe ìdè rẹ̀. Ìyàwó mi ní àwọn tafàtafà inú àwòrán kò ní mọ́tò. Ọkùnrin náà ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí kò lè já láéláé. Ó dè é mọ́ ọn ní ìdí, ó dún kẹ́.

Ìgbà náà ni mo rí i pé ìbàdí ọ̀tún ló ṣe é sí.

Mo wo ojú ìyàwó mi. Ó ní ó dára, ó dúpẹ́, a sì lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń gba iwájú ikùn kọjá lọ mú ọfà ní ìbàdí ọ̀tún. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ó dà bí ẹni tó ń ja ara rẹ̀ lólè.

"Ẹni tí wọ́n jà lólè kò tíì ké," ó dá mi lóhùn, "kí ló wá kan ẹlẹ́rìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Nígbà tó di Sátidé kan, tí a ti kó ẹrù sínú ọkọ̀, ó ní kí n má tíì darí sílé, kí n gba Múṣín lọ. Àwọn obìnrin méjì kan jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, wọ́n ń dúró de bàtà. Ìyàwó mi gbé apó lé orí tábìlì, ó ní apá ibi tí wọ́n rán an sí kò bá òun mu.

Ọkùnrin náà yí apó náà sọ́tùn-ún sósì. "Ọwọ́ ọ̀tún lẹ mà fi na ọfà sí mi lọ́jọ́sí, Mọ́mì. Ọwọ́ yẹn ni mo wò tí mo fi rán an."

"Ọwọ́ wo lo fẹ́ kí n fi na nǹkan sí ẹ? Ọ̀tún náà ni," ni ìyàwó mi wí. Ó gbé ọwọ́ òsì lé orí apó náà. "Ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ òsì ni mí."

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Àwọn obìnrin méjì náà gbójú sókè wò ó, òun náà sì wò wọ́n padà, títí wọ́n fi padà sórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ.

"Ó tán," ni oníṣẹ́ awọ wí. "Ẹ jókòó, Mọ́mì. Kò ní pẹ́."

Ó tú òwú náà, ó fi ìda dí àwọn ihò tó ti wà níbẹ̀, ó lu òmíràn sí òdìkejì, ó sì rán an. Ó ní kí wọ́n ra omi wá fún wa. Ìyàwó mi fi ọwọ́ ọ̀tún gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà tí mo rà fún un nígbà tí à ń lọ sílé, òsì ló fi jẹ ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wa. Láti ìgbà náà, bí mo bá yọjú sí kíṣíìnì, kì í pààrọ̀ ọwọ́ mọ́. Yóò kàn béèrè lọ́wọ́ mi bóyá iná ti dé.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo máa ń rántí jù. Bí ọyẹ́ bá dé, á mú apó náà jókòó sí báákónì, á máa fi òrí pa á kí awọ rẹ̀ má baà là. Ní àárọ̀ Sátidé, kí n tó jí rárá, màá gbọ́ kẹ́ nínú yàrá. Ó ti wọ̀ ọ́ sórí ìró, ó ń wò ó bóyá ó dúró dáadáa. Mo máa ń ṣe bí ẹni tó ṣì ń sùn. Nígbà tí àìsàn dé, kò pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní kí n gbé apó náà sórí ìṣó, kí eku má baà jẹ ẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ọmọ mi pọ̀, mo gbé e lọ sí Múṣín. Ọkùnrin náà mọ̀ mí. Ó béèrè Mọ́mì. Mo sọ fún un. Ó gbé bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run tù mí nínú. Mo ṣàlàyé pé mo fẹ́ kí ó yí apó náà padà sí ọ̀tún. Ó fi èékánná ha ìda kúrò lójú ihò kan.

"Àwọn ihò àkọ́kọ́ ṣì wà níbí, Dádì. Bí ẹni pé a ò ṣe nǹkan kan sí i ló máa rí."

Ó mú abẹ, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ òwú. Òwú náà ti dúdú nítorí òrí. Mo ń wo òwú yẹn, mo sì ń gbọ́ ohun tó sọ: bí ẹni pé a ò ṣe nǹkan kan sí i.

"Ọ̀gá," mo wí, "ẹ má tú u."

Ó dúró, ó wò mí.

"Ẹ kàn bá mi fi kún bẹ́líìtì rẹ̀. Ìdí tèmi tóbi ju tirẹ̀ lọ."

Kò bi mí ní ìdí tí mo fi yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ó yọ abẹ rẹ̀, ó lọ wá awọ tó bá a mu.

Mo padà sí pápá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo de apó náà mọ́ ìbàdí òsì, ó dún kẹ́. Mo gbé ọrun sí ọwọ́ òsì, mo sún un kúrò lọ́nà, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún gba iwájú ikùn kọjá lọ mú ọfà. Ó lọ́ra, kò sì lẹ́wà. Ọfà àkọ́kọ́ bọ́ sínú koríko. Ọkùnrin kan tó dúró nítòsí mi, tó dé pápá lẹ́yìn tí a ti ṣíwọ́ wíwá, wò mí títí, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé apó mi wà ní apá tí kò yẹ.

"Ti ìyàwó mi ni," mo dá a lóhùn. "Ọlọ́wọ́ òsì ni."

Ó mi orí pé ó yé òun, ó bojú wo iwájú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ti ń bọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀yìngbò, gbogbo wa sì dẹ ọrun sílẹ̀. Nígbà tó kọjá tán, mo tún na ọwọ́ kọjá lọ mú ọfà mìíràn.