Bíṣọ́ọ̀bù Ìfọ́n

Ní gbogbo oṣù kìíní ọdún, bí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán, Fàwáz á gun alùpùpù rẹ̀ láti Ìfọ́n wá sí Ìlọ́bù, eruku ọyẹ́ á ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun. Kì í tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí á ti máa pariwo: "Ẹlẹ́ṣin! Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?" Irewọlé á dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé: "Bíṣọ́ọ̀bù, ìwọ nìkan là ń dúró dè."

Dọlápọ̀sí, ìyàwó Irewọlé, á gbé omi tútù wá, á kí àlejò rẹ̀, á sì wábi gbà. Olùkọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ariwo ọmọdé tó ti gbọ́ láti àárọ̀ tó o. Kò tún fẹ́ gbọ́ ti àwọn àgbà méjì tó ń jà lórí igi kéékèèké.

Ilé-ìwé kan ní Ìfọ́n ni àwọn ọkùnrin méjèèjì ti pàdé nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Irewọlé ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, Fàwáz ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì. Kọ́pà kan tí ìjọba fi ránṣẹ́ láti Kàlàbá ló kọ́ wọn ní ṣẹ́ẹ̀sì lábẹ́ igi máńgòrò. Kọ́pà sìnlú tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣẹ́ẹ̀sì kò bá a lọ. Fàwáz fẹ́ràn bíṣọ́ọ̀bù ju gbogbo ohun tó wà lórí pátákó. Ó yá a lára kó pàdánù ayaba ju kó fi bíṣọ́ọ̀bù tọrẹ lọ. Ìyẹn ni Irewọlé ṣe sọ ọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù, tí orúkọ náà sì mọ́ Mùsùlùmí tí kì í pa Jímọ̀ jẹ lára bí ẹ̀wù. Òun náà sọ Irewọlé ní Ẹlẹ́ṣin, nítorí ẹṣin orí pátákó ni tirẹ̀.

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú fóònù, ọ̀rọ̀ wọn kọjá àtúnṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìdíje àwọn gíráńmásítà, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé. Bí wọ́n bá ti ń ta á ní Nọ́wè tàbí ní Íńdíà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń tò ó sórí pátákó tiwọn. Ti oṣù kìíní ló dùn mọ́ wọn jù, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìlú kékeré kan létí òkun ní Họ́láǹdì, nítorí pé lásìkò náà, aago ibẹ̀ àti tiwa kì í ju ara wọn lọ.

"Wò ó bó ṣe ń pa ara rẹ̀!" Fàwáz á wí.

"Ta ló ń pa ara rẹ̀? Ìwọ ni o ò rí ohun tó rí."

Ojú Irewọlé wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní Òṣogbo ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glọkómà ni, pé ìríran tó ti lọ ti lọ. Nígbà tó ṣe, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló ń dá mọ̀. Dọlápọ̀sí rò pé ṣẹ́ẹ̀sì parí nìyẹn, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé inú òun kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n Fàwáz kò gbà. Ó ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè, Irewọlé á na ọwọ́, á fi ìka wá ẹṣin tàbí ọba kàn, á gbé e síbi tó yẹ. Àríyànjiyàn wọn kò dín rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjà ilẹ̀ dé. Àwọn baba bá a láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n, àwọn ọmọ náà bá a, ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí le. Ìbọn dún, ilé jó níhìn-ín, ilé jó lọ́hùn-ún, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Ilé Fàwáz wà lára èyí tó jó. Aṣọ ọrùn wọn ni òun àti Hàfúsátù, ìyàwó rẹ̀, fi sá dé Òṣogbo, wọ́n sì wọ̀ sí yàrá kan nílé àbúrò Hàfúsátù.

Nígbà tí ọ̀nà là, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wá bá Irewọlé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí i dáadáa, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ọ̀rẹ́ yín ará Ìfọ́n yẹn, ẹ má jẹ́ kó wá síbí mọ́. A ò fẹ́ kí nǹkan ṣe é."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Dọlápọ̀sí rí i tí ojú Irewọlé tí kò ríran ń da omi.

Fàwáz fúnra rẹ̀ ló pe Dọlápọ̀sí lórí fóònù. "Ìyá Tóbi, ẹ̀yin lẹ ó máa kà á fún un báyìí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní í jẹ́ kí èmi kà á parí láti ibí."

"Èmi kẹ̀? Kí ni mo mọ̀ níbẹ̀?"

"Ṣebí ẹ mọ̀wé? Lẹ́tà kan, nọ́ńbà kan ni fún àyè kọ̀ọ̀kan lórí pátákó. N ó kọ́ yín."

Ó sì kọ́ ọ, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni kọ́ ọmọ ní á-bí-dí. Nígbà tó yá, Dọlápọ̀sí á dé láti ilé-ìwé, á bọ́ bàtà, á jókòó ti ọkọ rẹ̀, á máa kà. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á pe Fàwáz kó wá bú àwọn gíráńmásítà. Ohùn rẹ̀ ti ń di tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ òun lẹ́nu. Kó tó sọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀sì kankan, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: "Ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Á jẹ́ pé ó rọ̀ ní Ìfọ́n náà nìyẹn."

Oṣù kìíní tún dé. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọmọkùnrin ará Íńdíà kan ló ń ta á, ó sì ti ronú títí kò gbé nǹkan kan. Irewọlé na ọwọ́ sórí pátákó, ó ń fọwọ́ pa àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì lórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Pe Bíṣọ́ọ̀bù," ló wí. "Bi í pé tó bá jẹ́ òun, kí ni òun ó ṣe?"

Dọlápọ̀sí gba ẹ̀yìnkùlé lọ, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa. Hàfúsátù ló gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ó ti lọ o. Ó jí ṣe àlùwàlá ní ìdájí, ó jókòó, kò dìde mọ́. A ti sin ín. Mi ò mọ bí mo ṣe máa pè yín."

Dọlápọ̀sí di okùn tí wọ́n ń sáṣọ sí níbẹ̀ mú. Ìgbà tó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti kọjú sí ibi tó ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló wí?"

Dọlápọ̀sí wo pátákó, ó wá nǹkan sọ.

"Ó ní… ó ní kó fi bíṣọ́ọ̀bù yẹn gba ẹṣin, kí wọ́n pààrọ̀ ara wọn."

Ọwọ́ Irewọlé dúró. "Kó fi bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pààrọ̀ ẹṣin?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

Ẹ̀rín ojú Irewọlé ń kúrò díẹ̀díẹ̀.

"Dọlápọ̀, ta ló gbé fóònù yẹn?"

Ó kúnlẹ̀, ó di orúnkún ọkọ rẹ̀ mú. "Hàfúsátù ni."

"Háà," ni Irewọlé wí. Lójú fóònù, ọmọ ará Íńdíà yẹn ti gbé ohun tó fẹ́ gbé. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Wọ́n lọ kí Hàfúsátù ní Òṣogbo. Ó ní Fàwáz ti ń bẹ òun pé: 'Bí mo bá kú, kí wọ́n gbé mi lọ sí Ìfọ́n.' "Ilé wo ni mo fẹ́ gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n mi? Ògiri nìkan ló kù níbẹ̀." Wọ́n fa Irewọlé lọ́wọ́ dé itẹ́ òkú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tọ iyẹ̀pẹ̀ náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé bó ṣe mọ nìyí?" ló béèrè. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kí Dọlápọ̀sí má kà á fún òun mọ́. Ìdíje yẹn parí, kò béèrè ẹni tó gba ife. Inú yàrá ló ń jókòó sí báyìí, rédíò ló ń gbọ́, bí wọ́n bá sì dárúkọ Ìfọ́n nínú ìròyìn, á pa á.

Dọlápọ̀sí kò lè fi ṣẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ ní tirẹ̀. Bó bá dé láti ilé-ìwé, á wo fóònù nínú kíṣìnì kó tó dáná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí i tí obìnrin ará Ṣáínà kan fi ayaba rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n gbà á, tó sì fi bíṣọ́ọ̀bù méjì ká ọba mọ́ kọ̀rọ̀. Ó lanu láti pariwo pe ọkọ rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó sì gbé omi kaná.