Ojú Kan Ni Mo Ní Kó Dúró

Ohun tí mo bèèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé kò ju pé kí ẹni tó ń pe àpèkọ dúró lójú kan. Mi ò bèèrè ẹ̀rọ, mi ò bèèrè olùkọ́ mìíràn. Kí ó dúró níwájú, kí ó kọjú sí ọmọ mi, kí ọmọ náà lè rí ẹnu rẹ̀. Odidi ọdún kan ni mo fi sáré lórí ìyẹn láàárín ìlú Bantè àti ìlú Savalou. Títí di òní, mi ò lè sọ ọ́ kí inú má bí mi.

Etí ọmọbìnrin mi ṣọyún láti kékeré. Nígbà tí ọyún náà máa fi gbẹ, ìgbọ́ràn ti bá a lọ. Ó ń gbọ́ tí ilẹ̀kùn bá gbá, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó bá sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í yé e àfi tó bá ń wo ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní wíwo ẹnu. Mo mọ̀ ọ́n nítorí èmi náà ń ṣe é. Àrùn yírùnyírùn kan jà nílùú wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó pa ọmọ méjì nínú agboolé wa. Èmi rù ú là, ṣùgbọ́n etí mi òsì kú.

Nígbà yẹn, a ò gbọ́ pé òfin kankan wà fún irú wa. Ọmọ tí kò bá gbọ́ràn, oko ló ń lọ. Èmi lọ sílé-ìwé nítorí pé mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Olùkọ́ á dúró lápá òsì, á pè mí, mi ò ní dáhùn, á ní alágídí ni mí, pàṣán á sì sọ̀ kalẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, tí ẹnìkan bá fọwọ́ kàn mí láti ẹ̀yìn, èjìká mi á kọ́kọ́ súnkì kí n tó bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí n fi í pamọ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo mú ọmọ lọ síléèwé, tí wọ́n bi mí bóyá ó ní àìsàn kan, mo ní kò sí. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ọmọ pé kó máa jókòó síwájú, kó máa wo ẹnu olùkọ́, tí nǹkan bá fò ó, kó yára wo ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ pé. Bó ṣe dé CM2 nìyẹn, kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò CEP tí wọ́n fi ń jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ ibẹ̀ kì í dúró. Tó bá ń pe àpèkọ, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á máa rìn láàárín àwọn ọmọ, á dé ẹ̀yìn pátápátá, á tún padà. Yíǹkì pupa bo ìwé ọmọ mi. Olùkọ́ ní ó ń sùn ni.

Obìnrin kan tó máa ń kó aṣọ wá fún mi rán, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, gbọ́ bí mo ṣe ń ráhùn.

Ó ní, "Ìyá aránṣọ, òfin wà o. Iléèwé ò gbọdọ̀ lé irú ọmọ yẹn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí á fi ṣèdánwò bí ẹgbẹ́ rẹ̀."

"Ta ló wá sọ fún wa, Màdáàmù?"

"Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò."

"Ẹni tí kò gbọ́ràn ni wọ́n sọ ọ́ fún lórí rédíò?"

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́nu mi.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ó fa ìwé ọmọ yọ, ó fìka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò ní àìsàn kankan. "Ìyá, ẹnu yín la ti gbọ́ ọ." Ó ní kí n lọ gba ìwé dókítà wá láti Savalou.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a dé ilé ìwòsàn níbẹ̀, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ etí wò kò sí nílé. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin tó gbà wá wọ ìbòmú, ó tẹrí ba sórí ìwé, ó ń bá ọmọ mi sọ èdè Mahi tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ó tún sọ Faransé. Ọmọ náà ń wò mí.

Ó bi mí pé, "Ṣé orí ọmọ yìí pé?"

"Ó pé, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ẹnu yín kó rí i."

Ó ṣí i, ọmọ sì dá a lóhùn ní Faransé tó já gaara ju tèmi lọ. Àmọ́ ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé ti rìnrìn-àjò. Ìrìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rí ìwé náà gbà. Ọ̀gá ilé-ìwé fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò, èsì sì dé: kí wọ́n fi ọmọ náà sí tábìlì àkọ́kọ́. A dúpẹ́. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó rò ó síwájú.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo dúró lẹ́yìn ọgbà pẹ̀lú àwọn ìyá yòókù. Nígbà tí wọ́n jáde sinmi, mo rí ojú ọmọ mi.

"Ṣé ó dúró?"

"Ó ń rìn ni, Màmá. Iwájú ni mo wà, ẹ̀yìn mi ló ti ń pè é. Mo yíjú padà kí n lè rí ẹnu rẹ̀. Ó ní ìwé ẹlòmíràn ni mo ń wò. Ó ní tí mo bá tún yíjú, òun á gba ìwé mi."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo ń wo tábìlì."

Mi ò mọ bí mo ṣe wọlé. Mo ṣáà rí ara mi níwájú olórí ibùdó ìdánwò, àwọn olùkọ́ ń mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, wọ́n ní ká fi í síwájú. A fi í síwájú."

"Kó lè rí ẹnu ni, Ọ̀gá. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹnu."

"Ìyẹn ò sí nínú ìwé."

Òótọ́ ló sì sọ. Mo ní, "Etí kan ni èmi náà ní. Wọ́n nà mí nítorí rẹ̀ nílé-ìwé, ni mo ṣe fi ti ọmọ mi pamọ́." Mi ò tíì sọ ọ́ lójú ènìyàn rí. Olórí náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní àpèkọ ti parí, àwọn kì í tún un pè.

Ọmọ mi kò yege. Ó mọ ìṣirò, ó mọ ìyókù, àmọ́ òdo àpèkọ fà á lulẹ̀.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà, mo mú un lọ kó tún CM2 ṣe. Ọ̀gá ilé-ìwé bi mí pé kí ló dé tí mi ò ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè náà bí mi nínú, nítorí ó tọ́ kó bi mí. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ mi pé ẹnikẹ́ni tó bá ń pe àpèkọ gbọ́dọ̀ dúró, kó kọjú sí ọmọ náà. Ó kọ ọ́. Mo ní kó kà á síta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó dorí kodò sórí ìwé.

Ọmọ mi na ọwọ́, ó kan tábìlì ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ̀rù bà mí. Mi ò dì í mú. Ọ̀gá gbójú sókè, ó wò ó, ó sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.