Ínfátà tí Kúnlé fọwọ́ ara rẹ̀ jó

Ẹ má bá mi wí, inú mi dùn lónìí.

Kúnlé ló ń bá mi fi sódà, òjé tí a ń yọ́ lẹ wáyà, jó bọ́ọ̀dù ínfátà tó ń fúnni níná ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Wuse. Àwọn oníbàárà dá mẹ́ta padà torí sódà ò mú dáadáa. Mo ní kó tún wọn jó. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ní kí wọ́n máa gbá a, á tàn."

Nígbà tóun náà wá ra tiẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ni mo dì fún un.

Ó pè mí lọ́sàn-án yìí: "Ọ̀gá, ínfátà mi ti kú! Bàbá ìyàwó mi wà níbí, ooru ń pa wọ́n!"

"Kai! Gbá a, á tàn."

"Mo ti gbá a títí, ọwọ́ ti ń ta mí."

"Fi ọwọ́ kejì gbá a."

Ẹ dá sí i o: ṣé kí n lọ tún un ṣe, àbí kí àna rẹ̀ bá a gbá a?