Agolo Oògùn Kòkó

Ní Ìpogun lánàá, ẹgbẹ́ kan tó ń tún odò ṣe láìgbowó fa agolo oògùn kòkó àtijọ́ yọ nínú ẹrẹ̀. Ìròyìn odò ti sú mi í kọ, àmọ́ òórùn aṣọ oko bàbá mi ni mo gbọ́ lára agolo náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ń ṣeré nínú odò yìí, omi dé orúnkún mi. Bàbá mi ti fín kòkó tán, wọ́n ń fọ páńpù wọn nínú odò lápá òkè. Lójijì, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, ikùn wọn funfun. Mo kó wọn kún abọ́, mo sáré lọ.

"Bàbá, ẹ wò ó! Ọwọ́ lásán ni mo fi mú wọn!"

Wọ́n wo abọ́, wọ́n wo páńpù. "Dà á nù."

"Ẹ̀yin náà ò pa tó báyìí rí!"

"Mo ní dà á nù, ọmọ yìí!"

Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n ri ẹja náà mọ́lẹ̀. Mo sunkún, mo rò pé wọ́n ń jowú mi ni.

Lánàá, mo bi ìyá àgbàlagbà kan léèrè ohun tó lé ẹja kúrò nínú odò náà.

"Àwọn olóko òkè odò ni, ọmọ mi. Oògùn wọn ni."

Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Oko wa nìkan ló wà lókè odò nígbà náà.