Bàbá Sansílẹ̀ àti Owó Gbà-má-bínú

Kọ́, kọ́, kọ́. Ìró hámà bàbá rẹ̀ lórí àtẹ́lẹ̀ bàtà ni ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá Sansílẹ̀ rántí pé òun gbọ́ láyé. Orí ẹní ló wà nígbà náà, kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìṣó wẹẹrẹ kún un lẹ́nu, ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yọ egungun ẹja. Bí ìró náà bá dákẹ́, ọmọ á ké. Bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀, oorun á gbé ọmọ lọ. Ìyá rẹ̀ a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ òun kò mọ ọmọ pọ̀n, hámà ló fi ń pọn ọmọ.

Òun náà dàgbà, ó di aránbàtà. Àwọn tí bàtà ọjà kò bá lẹ́sẹ̀ mu ni oníbàárà rẹ̀: ẹlẹ́sẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹni tí eegun àtàǹpàkò rẹ̀ yọ síta, ẹni tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Á wọn ẹsẹ̀, á gé awọ, á rán an. Ṣùgbọ́n bí o kò bá san àsansílẹ̀, kò ní fi ọ̀bẹ kan awọ.

"Bàtà tí mo gé sí ẹsẹ̀ rẹ, ta ni n ó tà á fún bí o bá sá lọ? Ẹsẹ̀ ọmọ aráyé kì í dọ́gba."

Ẹni tó bá sì san, òjò ì báà rọ̀, ibà ì báà mú bàbá, yóò rí bàtà rẹ̀ gbà lọ́jọ́ àdéhùn. Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Sansílẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọjá kì í jẹ́ kó sinmi.

"Bàbá Sansílẹ̀, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé a ò ní kọ́kọ́ san nǹkan kí ẹ tó dá wa lóhùn?"

"Ọ̀fẹ́ ni tìẹ, ọmọ mi. Kí ni n ó gbà lọ́wọ́ ẹni tó wọ sílípáàsì ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ ló ra sólà. Agbẹ̀bí ni obìnrin náà, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, owó tí wọ́n san fún un kò bá aṣọ lọ, kò bá ìrìn àjò lọ. Ó ní ojú ọkọ òun ti ń ṣú, iná ìlú sì ń ṣe bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Òun kò fẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́ nínú òkùnkùn. Wọ́n gbé páńẹ́lì sórí òrùlé, wọ́n gbé bátìrì sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìránbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, gílóòbù tàn lókè orí bàbá. Ìyàwó ló fọwọ́ sí ìwé, orúkọ rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà kọ sílẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni bátìrì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀, àfi bí ẹni pé kò fẹ́ gbẹ́yìn ẹni tó rà á. Ẹ̀rọ á kùn, á ṣe jẹ́jẹ́, á dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá rán awọ dé ìdajì. Bàbá wá ilé-iṣẹ́ tó tà á lọ, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n ti kógbá sílé.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń gbé ní ìlú mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ bó bá ti pè.

"Bàbá mi, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ yìí ti tó."

Nígbà tí kò jẹ́ kó gbádùn, bàbá bá a dá àdéhùn: òun ń tọ́jú owó bátìrì tuntun. Bí òjò ọdún yìí bá dá tí ẹ̀rọ òun kò ṣiṣẹ́, kí ó wá kó òun. Ó ń fi ẹnu sọ ọ́ ni, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ilé yẹn nìkan ni ìyàwó rẹ̀ ṣì wà fún un. Sálúbàtà pupa tí òun fúnra rẹ̀ rán fún un ṣì kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá, bí ẹni fẹ́ jáde lọ ra iyọ̀. Fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, bàbá kò sì jẹ́ kí iná tán nínú rẹ̀ rí.

Orí fóònù yẹn ni ọkùnrin náà pè sí. Owó bátìrì ti pé nígbà náà, oníná tó máa ń tún sólà ṣe ní àdúgbò sì ti dá ọjọ́ tí yóò wá. Ohùn ọkùnrin náà tutù. Ó pe orúkọ ìyàwó bàbá ní kíkún, ó béèrè bóyá òun lè bá màmá sọ̀rọ̀.

"Ó jáde díẹ̀," ni bàbá wí. Kò mọ ohun tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà ní kò burú, kí bàbá bá àwọn jíṣẹ́. Ó ní ilé ẹjọ́ ti dá ilé-iṣẹ́ tó ta sólà náà lẹ́bi, wọn yóò sì san owó gbà-má-bínú fún gbogbo ẹni tó rà á. Tàwọn màmá á tó ra bátìrì méjì. Owó ètò nìkan ló kù kí wọ́n kọ́kọ́ san, kó tó di ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé wọ́n fẹ́ ti ìwé náà pa. Kí wọ́n má sì tíì sọ fún ará ilé kankan, kí àwọn tí kò ra sólà má baà wá tò.

Ẹlòmíràn ì bá fura. Owó tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ san yẹn gan-an ni Bàbá Sansílẹ̀ fi gbà wọ́n gbọ́. Látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá ní òun ò gba nǹkan sílẹ̀ ni kì í fọkàn tán. Alágbàṣe tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a gba sílẹ̀, a sì fi iṣẹ́ lélẹ̀.

"Ẹ kí màmá fún wa o," ni ọkùnrin náà fi parí ọ̀rọ̀.

"Yóò gbọ́."

Ó fi owó bátìrì ránṣẹ́. Nígbà tó wọ yàrá, ó dúró níwájú sálúbàtà pupa. "Wọ́n kí ọ," ló wí.

Ọkùnrin náà ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà, pé ètò ń lọ. Kò jẹ́ gbàgbé láti béèrè: ṣé àlàáfíà ni màmá wà? Ṣé ẹsẹ̀ kì í dùn wọ́n? Bàbá á ní àlàáfíà ni. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè obìnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó wà láàyè. Ó wá di pé ó ń retí ìpè.

Ọjọ́ tí oníná dá pé. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ó ń fi ìka ta òkú bátìrì.

"Bàbá, ẹ sọ owó kalẹ̀ kí n lọ gbé àbúrò ẹ̀ wá. Ẹ̀yin náà á san sílẹ̀ lónìí!"

"Fara balẹ̀. Owó gbà-má-bínú ń bọ̀. Bátìrì méjì lo máa gbé wá."

Oníná rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá ṣàlàyé tán, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ pè wọ́n ni?"

"Àwọn ló pè."

"Ẹ ti san?"

"Mo ti san owó ètò. Kí ló dé? Èmi náà ń gba àsansílẹ̀."

"Ẹni tó san sílẹ̀ fún yín, bàtà ló ń rà. Ó mọ ṣọ́ọ̀bù yín, ó lè wá fa ilẹ̀kùn yín ya. Kí lẹ̀yin ń rà lọ́wọ́ tiwọn? Ẹni tó jẹ yín lówó ló tún ń gbowó lọ́wọ́ yín kó tó san gbèsè?"

"Wọ́n mọ orúkọ ìyá ilé, ìwọ ọmọ yìí. Wọ́n mọ ọdún tí a ra nǹkan náà."

"Ilé-iṣẹ́ tó kógbá sílé, ta ló ń ṣọ́ ìwé oníbàárà wọn? Ẹni tó rí i he ló ń fi í dọdẹ."

Bàbá fẹ́ fèsì, fóònù ìyàwó rẹ̀ dún. Oníná ṣẹ́jú sí i pé kí ó gbé e. Ohùn tútù náà ni. Owó ti jáde tán, ó ku owó orí díẹ̀ tí wọn yóò kọ́kọ́ san.

"Ẹ yọ ọ́ nínú owó wa," ni bàbá wí.

"Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀, bàbá. Ẹ jẹ́ ká bá màmá sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin ló mọ ọ̀rọ̀ yìí yanjú."

Bàbá wo oníná, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Màmá ti kú."



"Áà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ọlọ́run á tù yín nínú. A jẹ́ pé ẹ ó san owó ìyípadà orúkọ náà mọ́ ọn nìyẹn."

Bàbá rọra gbé fóònù sílẹ̀ lórí awọ tó wà níwájú rẹ̀. Kò bú u, kò ṣépè. Oníná ló fi gbogbo èpè ilé ayé kún ṣọ́ọ̀bù náà, òun náà ló sì bá a lọ sí báńkì àti sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọmọbìnrin tó wà ní báńkì wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní ẹni náà ti gbọ́n àkáǹtì yẹn gbẹ. Ọlọ́pàá ní kí bàbá má sọ̀rètí nù, ó sì yíjú sí ẹni tó kàn.

Òjò dá. Bàbá pe ọmọ rẹ̀.

"Máa bọ̀ wá kó mi."

"Ẹ ṣé, bàbá mi! Mo mọ̀ pé ẹ ó gbọ́ tèmi lọ́jọ́ kan." Ayọ̀ ọmọ náà pọ̀ débi pé bàbá kò rí ibi tí yóò ti sọ èyí tó kù.

Bàtà kan ló kù nílẹ̀. Ti olùkọ́ kan ni, obìnrin tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú, tí àtẹ́lẹ̀ bàtà òsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn ju tọ̀tún lọ. Ó ti san sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ọmọ yóò dé, bàbá gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó fi ìda pa òwú. Ó fi ìlu lu ihò sétí awọ, ó ń fa abẹ́rẹ́ jáde ní títẹ ojú mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ gún un. Ó fi ìka sẹ́nu, ó fà á mu, ó ń rán an lọ.

Nígbà tó rán an tán, ó fi ìṣó wẹẹrẹ sẹ́nu, ó dojú bàtà òsì dé, ó mú hámà. Kọ́, kọ́, kọ́. Lókè orí rẹ̀, oòrùn kún orí páńẹ́lì. Ó kan ìṣó tó gbẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ ra àtẹ́lẹ̀ náà wò bóyá ó gún régé. Ó ki okùn bọ ihò wọn, ó so ó, ó nu eruku kúrò lára bàtà méjèèjì, ó sì gbé wọn sórí pẹpẹ.