Ilé Ọ̀rá Tá A Fẹ́ Kọ́ Sẹ́yìnkùlé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nínú àgbàlá wa ní Mọ́níyà. Ó ti pẹ́ o! Àsìkò tí gbogbo ayé ń pariwo ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP ni, tí owó oṣù tíṣà ò tó jẹun mọ́. Tíṣà sì ni mí.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn kan ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí ilé ọ̀rá. Wọ́n á fi igi ṣe òpó rẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kí òjò má bàa ba tòmátì inú rẹ̀ jẹ́. Ó ní àwa náà á kọ́ ọ. Àbí ẹ ti gbàgbé bí tòmátì ṣe máa ń wọ́n bí ojú tí òjò bá ti dé? Tòmátì yẹn la fẹ́ fi rán Kúnlé ọmọ wa lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì.

Ilé ọ̀rá ń fẹ́ oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Ibì kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́yìnkùlé wa tí kò sí ibòòji, igun kan lẹ́bàá ògiri tí Bàbá Àgbà máa ń gbá láràárọ̀. Bàbá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, inú àgbàlá kan náà la jọ ń gbé. Wọn kì í jẹ́ ká so ewúrẹ́ síbẹ̀, wọn kì í jẹ́ ká da omi ọṣẹ síbẹ̀. A kàn rò pé àgbà ló dé sí wọn ni.

Nígbà tá a sọ fún wọn, wọ́n yíjú sí igun náà. Wọ́n wá ní ṣé kò ní dáa lábẹ́ máńgòrò lọ́hùn-ún? Ọkọ mi ṣàlàyé pé tòmátì ò ní ṣe dáadáa lábẹ́ ibòòji. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn á fún wa nílẹ̀ lóko àwọn. Lóko kẹ̀! Ta ni yóò máa rìn dé oko lọ bomi rin tòmátì lẹ́yìn tó bá ti iléèwé dé? Inú bí ọkọ mi. Ó ní Bàbá ò kàn fẹ́ ká fọwọ́ kan ilẹ̀ ẹbí ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó lọ wá igi tá a máa fi ṣe òpó, èmi sì mú ọkọ́. Mo ro ibẹ̀, mo fọ́ ògúlùtu, mo ń tẹ́ ilẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Àgbà jáde, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Mo ní ó kù díẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n tún jáde, mo ṣe bí ẹni tí ò rí wọn. Ìgbà tí màá fi gbójú sókè, wọ́n ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, lórí erùpẹ̀! Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde, kí n ríbi parí iṣẹ́ mi.

Wọ́n wò mí. Omi ti kún ojú wọn.

"Ìyá Bísí," wọ́n ní, "mo bẹ̀ ọ́, fi ọkọ́ yẹn sílẹ̀."

Mo gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ìyá Kúnlé ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Bísí ni àkọ́bí mi, èéyi ló mú un lọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún fi orúkọ rẹ̀ pè mí mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tó kú, àwọn obìnrin dì mí mú nínú yàrá, Bàbá Àgbà ló gbé e jáde. Èmi àti ọkọ mi ò béèrè. A kì í béèrè. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé inú igbó kan lọ́nà oko ni wọ́n gbé e lọ.

Àṣé ọmọ mi ò kúrò nílé.

Tí Bàbá bá sọ ọ́, wọ́n ti ṣe ohun tí a kì í ṣe. Tí wọn ò bá sì sọ ọ́, ọkọ́ mi á kàn án. Kí ni kí wọ́n ṣe? Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé àárọ̀ yẹn gan-an ló kú. Bàbá fọwọ́ kó erùpẹ̀ tí mo ti hú padà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ.

Ọkọ mi gbé igi dé, ó bi wá pé kí ló dé. Ó wo Bàbá, ó wo ilẹ̀, ó wò mí. Ó rọra gbé igi náà ti ògiri, ó wọlé lọ.

A ò kọ́ ilé ọ̀rá mọ́. Igi rẹ̀ la fi dáná, ọ̀rá tá a ti rà sílẹ̀ la fi ń bo àgbàdo tá a bá sá. Bàbá Àgbà náà ti lọ báyìí, èmi ni mo ń gbá igun yẹn láràárọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí àgbà bá dínà mọ́ yín tí kò sọ ìdí, ẹ má tètè pè é ní ìkà. Ó lè jẹ́ ẹrù tiyín ló ń bá yín rù.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tí irú ọ̀fọ̀ yìí ti ṣẹ̀ rí, ṣé ẹ mọ ibi tí ọmọ yín wà? Ṣé ẹ tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ẹ sọ tiyín fún mi. Èmi ò tíì mọ èyí tó sàn. Mo kàn mọ̀ pé oòrùn ń ràn síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.